Díráífà, Ọ̀pá tí ó Gùn Jù Lọ Nínú Eré Gọ́ọ̀fù

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí àwọn tí ń gbá gọ́ọ̀fù lè rò pé eré ọ̀lẹ ni wọ́n ń ṣe. Kò sí ariwo, kò sí eré sísá, kò sì sí ìforígbárí bí ó ti máa ń rí ní pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Àgbàlagbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin a máa rìn jẹ́jẹ́ lórí koríko tútù, agbápò a máa tẹ̀lé wọn, wọn a sì máa dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti gbá bọ́ọ̀lù funfun kékeré kan tí kò tó ẹyin adìẹ. Ṣùgbọ́n bí olùwòran náà bá súnmọ́ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan, yóò rí i pé ẹni tí ó kàn láti gbá bọ́ọ̀lù kì í rẹ́rìn-ín. Yóò wo iwájú, yóò wo igbó tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò wo omi. Lẹ́yìn náà ni yóò na ọwọ́ sí àpò rẹ̀, ọwọ́ náà yóò sì dúró díẹ̀ lórí ọ̀pá kan tí ó ga ju gbogbo àwọn yòókù lọ, tí a dé fìlà fún bí ọmọ ọba. Ọ̀pá náà ni díráífà. Kí ó mú un ni, tàbí kí ó fi í sílẹ̀? Ìdáhùn sí ìbéèrè kékeré yìí ti gbé ife ẹ̀yẹ lé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́, ó sì ti gbà á lọ́wọ́ àwọn mìíràn nígbà tí wọ́n ti nawọ́ sí i.

Pápá gọ́ọ̀fù a máa ní ihò 18. Láti ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ihò kan títí dé ibi tí ihò náà wà gan-an lè tó 150 yáàdì, ó sì lè ju 500 yáàdì lọ. Bẹ́ẹ̀ ihò náà fúnra rẹ̀ kò fẹ̀ ju íǹṣì mẹ́rin àti ìdá mẹ́rin lọ. Ẹni tí iye ìgbà tí ó gbá bọ́ọ̀lù kí ó tó parí ihò 18 bá kéré jù lọ ni ó borí. Ojú ọ̀nà kan wà láàrin ìbẹ̀rẹ̀ àti ihò, tí a gé koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáradára. Koríko gíga, igi, kòtò iyanrìn àti omi ni ó wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé ju ọ̀pá 14 lọ sínú àpò rẹ̀. Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ ṣe òfin yìí ní 1938, Bìrìtéènì sì gbà á ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ni ó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ díráífà ni kí ó gbé bọ́ọ̀lù lọ jìnnà réré ní gbígbá àkọ́kọ́, kí èyí tí ó kù láti gbá lè rọrùn.

Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pá yìí kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń pe awakọ̀, tí àwọn Yorùbá yí padà sí dẹ́rẹ́bà. Ohun tí ń lé nǹkan síwájú ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí níhìn-ín, bí darandaran ti ń lé màlúù. Nígbà mìíràn, díráífà a máa lé bọ́ọ̀lù gba ibi tí ẹni tí ó dì í mú kò rán an, àwọn dẹ́rẹ́bà kan sì wà tí ìwà wọn kò yàtọ̀ sí èyí.

Eré náà ti pẹ́ ní ayé. Ní 1457, nígbà tí James Kejì jẹ́ ọba ní Scotland, ilé ìgbìmọ̀ ilẹ̀ náà ṣe òfin pé kí àwọn ènìyàn jáwọ́ nínú gọ́ọ̀fù, nítorí pé ó ń gba àkókò tí ó yẹ kí wọ́n fi kọ́ ọfà títa. Òfin náà kò rí gọ́ọ̀fù pa. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, igi ni a fi ń ṣe ọ̀pá gígùn náà láti òkè dé ilẹ̀. Nígbà tí ó yá, igi persimmon ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó le tí ó sì ki, ni àwọn oníṣẹ́ yàn fún orí rẹ̀, wọ́n sì ń fi igi hickory ṣe ara rẹ̀. Igi hickory a máa lọ́ díẹ̀ bí a bá fi agbára jù ú. Nítorí náà ni àwọn agbágọ́ọ̀fù ayé àtijọ́ ṣe kọ́ láti máa fi sùúrù gbá bọ́ọ̀lù. Ní 1929 ni ẹgbẹ́ tí ń ṣe àkóso eré náà ní St Andrews gbà kí a máa lo ara ọ̀pá tí a fi irin ṣe.

Orí díráífà onígi kò tóbi ju ọsàn ńlá kan lọ. Àárín ojú rẹ̀ gan-an ni bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ bà. Bí ó bá ṣèèṣì kan ẹ̀gbẹ́, orí náà a yí lọ́wọ́ ẹni tí ó jù ú, ọwọ́ a máa ta ẹni náà wàì, bọ́ọ̀lù a sì gba inú igbó lọ. Ní 1979, ọ̀gbẹ́ni ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Gary Adams dá ilé iṣẹ́ TaylorMade sílẹ̀, ó sì ń ta díráífà tí orí rẹ̀ jẹ́ irin tí kì í dípẹtà. Àwọn ènìyàn pe ọ̀pá náà ní persimmon ti Pittsburgh, nítorí pé iṣẹ́ irin ni a mọ ìlú Pittsburgh mọ́. Orí irin yìí ní ihò nínú, èyí ni pé gbogbo ìwúwo rẹ̀ wà ní etí rẹ̀ yíká. Àǹfààní èyí kò ṣòro láti rí. Bí ẹnì kan bá so ẹrù kékeré méjì mọ́ ìpẹ̀kun méjèèjì ọ̀pá gígùn kan, tí ó wá di àárín ọ̀pá náà mú, yóò rí i pé ó ṣòro láti yí i padà ju ìgbà tí ẹrù méjèèjì wà ní àárín lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni orí tí ìwúwo rẹ̀ wà ní etí. Bí bọ́ọ̀lù kò tilẹ̀ bà á láàrin gan-an, kì í yí lọ́wọ́ bí ti igi.

Láti ìgbà náà ni orí díráífà ti ń tóbi. Ní 1991, ilé iṣẹ́ Callaway gbé èyí tí wọ́n ń pè ní Big Bertha jáde, wọ́n fi orúkọ ìbọn ńlá kan tí àwọn ará Jámánì lò nínú Ogun Àgbáyé Kìíní sọ ọ́. Ní 1995 ni ilé iṣẹ́ kan náà mú èyí tí a fi titanium ṣe jáde. Titanium fúyẹ́ ju irin lọ, ó sì lágbára, nítorí náà a lè sọ orí náà di ńlá láìjẹ́ pé ó wúwo, a sì lè mú kí ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ojú tí ó fẹ́lẹ́ yìí ni ó mú ìyàtọ̀ ńlá wá. Bí bọ́ọ̀lù bá bà á, a wọnú díẹ̀, a sì ta padà bí awọ ìlù. Àwọn aṣòfin eré náà rí i pé bí a bá fi ọwọ́ lẹ́rán, gbogbo pápá ni yóò kéré jù. Wọ́n fi òdiwọ̀n sí títa ojú náà láti 1998, nígbà tí ó sì di 2004 wọ́n ní orí díráífà kò gbọdọ̀ tóbi ju 460 lọ lórí òṣùwọ̀n sẹ̀ǹtímítà oníhà mẹ́ta. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí èyí ti tóbi tó, kí ó wo ike omi 50 sẹ̀ǹtílítà. Díẹ̀ ni ó fi jù ú lọ. Ní 1980, Dan Pohl ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ jìnnà jù láàrin àwọn akọṣẹ́mọṣẹ́ Amẹ́ríkà, nǹkan bí 274 yáàdì ni ó sì ń gbá a bí a bá pín in dọ́gba. Ní 1997, John Daly kọjá 300 yáàdì. Lónìí, ọ̀pọ̀ ni ó ń kọjá ibẹ̀, kò sì jẹ́ ìyanu fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Bí ènìyàn bá wọ ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ta ọ̀pá wọ̀nyí, orí díráífà a máa dán gbinrin lórí àtẹ, àwòrán akọni kan tí ó fi irú rẹ̀ gba ife a sì wà lára ògiri. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ọkùnrin tí ó ti lé ní ẹni ọdún 55, tí ó ń jókòó ní ọ́fíìsì láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, a máa ra irú èyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fi eré náà ṣe iṣẹ́ ń lò. Àwọn akọṣẹ́mọṣẹ́ ọkùnrin ní Amẹ́ríkà a máa ju orí díráífà wọn pẹ̀lú ìyára tí ó lé ní 110 máìlì ní wákàtí kan. Ti àwọn obìnrin akọṣẹ́mọṣẹ́ jẹ́ nǹkan bí 94. Ti ọkùnrin tí ń fi eré náà gbafẹ́ kì í sì sábà ju ti àwọn obìnrin yìí lọ. Ọ̀pá àwọn obìnrin náà ni ó yẹ kí ó fi ṣe àwòkọ́ṣe, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún un?

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó wò ni ojú ọ̀pá náà. Ojú díráífà kì í dúró ṣánṣán. Ó tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, dígírì ni a sì fi ń wọn ìtẹ̀sẹ́yìn yìí. Èyí tí ó pọ̀ jù lórí àtẹ wà láàrin dígírì 9 sí 12. Àwọn ènìyàn gbàgbọ́ pé bí dígírì bá ti kéré tó ni bọ́ọ̀lù yóò ti jìnnà tó, wọn a sì máa tijú láti ra 12, bí ẹni pé aṣọ ọmọdé ni wọ́n fẹ́ rà. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí apá rẹ̀ le lè ju òkò ní tààrà kọjá odò kékeré. Ẹni tí apá rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jù ú gòkè díẹ̀ kí ó tó lè dé òdìkejì. Bọ́ọ̀lù tí a fi ìyára kékeré gbá láti ojú tí kò tẹ̀ sẹ́yìn tó kì í gbé sókè, kíá ni í jábọ́. Àrùn mìíràn tún wà lára irú ojú bẹ́ẹ̀. Bí ojú ọ̀pá bá ti ń tẹ̀ sẹ́yìn ni bọ́ọ̀lù ti ń yí padà sẹ́yìn bí ó ti ń fò, ìyípadà sẹ́yìn yìí ni ó sì ń mú kí ó dúró lójú ọ̀nà rẹ̀. Bí ojú náà bá ṣánṣán jù, àṣìṣe kékeré tí ọwọ́ ṣe a di ńlá lójú òfuurufú, bọ́ọ̀lù a sì tẹ̀ lọ sí apá ọ̀tún bí ọ̀pá ìkòkò.

Lẹ́yìn ojú ni ara ọ̀pá. Èyí tí ó wọ́pọ̀ lóde òní ni èyí tí a fi fọ́nrán káábọ́ọ̀nù ṣe, ó sì fúyẹ́ ju irin lọ. Líle wọn kò dọ́gba. Bí ọrun ọdẹ ni ó rí: ọrun tí ó rọ̀ jù kò ní gbé ọfà lọ bí ó ti yẹ fún alágbára, èyí tí ó sì le ju agbára ọdẹ lọ kò ní ṣe é fà. Agbágọ́ọ̀fù tí kò yára, tí ó sì ra ara ọ̀pá líle, a máa rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ tí ó ń lọ sílẹ̀, tí ó ń lọ sí ọ̀tún, a sì rò pé agbára tí òun lò ni kò tó. A tún fi agbára kún un, ọ̀ràn náà a sì burú sí i.

Gígùn ọ̀pá náà ni ó fa àríyànjiyàn jù. Ní ayé persimmon, íǹṣì 43 ni ó wọ́pọ̀. Lónìí, èyí tí a ń tà máa ń tó 45 tàbí kí ó lé díẹ̀. Ọ̀pá tí ó gùn máa ń yára ju èyí tí ó kúrú lọ ní ìpẹ̀kun rẹ̀, èyí yé gbogbo ẹni tí ó ti fi gọ̀ǹgọ̀ já ọsàn tàbí tí ó ti na pàṣán rí. Ṣùgbọ́n bí orí ọ̀pá bá ti jìnnà sí ọwọ́ tó ni ó ti ṣòro tó láti fi àárín ojú rẹ̀ ba bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù tí kò sì ba àárín a pàdánù ohun tí gígùn náà fẹ́ fún un. Nígbà tí Tiger Woods, ọmọ ọdún 21, gba ife Masters ní 1997, tí ó fi ìgbà 12 ta ẹni tí ó ṣe ipò kejì yọ, íǹṣì 43 àti ààbọ̀ ni díráífà rẹ̀, ara irin ni ó sì ní. Àwọn tí ń ra èyí tí ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ lónìí kò lágbára ju Woods lọ.

Ẹ̀rọ ti wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà báyìí tí ń wọn ìyára ọ̀pá, ìyára bọ́ọ̀lù, bí ó ti gbéra sókè àti bí ó ti ń yí. Ẹ̀rọ dára, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ìnáwó òfo. Ṣùgbọ́n kò sí igbó nínú ilé ìtajà, kò sí omi, kò sí ọ̀rẹ́ tí ń ti ẹ̀yìn wò. Ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù mẹ́wàá sínú àwọ̀n a máa rántí ọ̀kan ṣoṣo tí ó lọ jìnnà jù, torí rẹ̀ ni yóò sì ṣe sanwó. Àwọn tí ojú wọn ti là a máa wo èyí tí ó burú jù nínú mẹ́wàá náà. Ọ̀pá tí àṣìṣe rẹ̀ kò burú púpọ̀ ni ọ̀rẹ́ ẹni lójú pápá. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ pẹ̀lú kò gbọdọ̀ sọ̀rètí nù: níwọ̀n bí òfin ti so títa ojú díráífà àti títóbi orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, èyí tí ẹnì kan ti lò fún ọdún mélòó kan kò lè fi bẹ́ẹ̀ rẹ̀yìn sí tuntun, bí ó bá bá ara ẹni mu.

Láti 2008 ni òfin ti gbà kí a ṣe díráífà tí a lè fi irinṣẹ́ kékeré yí orí rẹ̀ padà, kí ojú rẹ̀ lè tẹ̀ sẹ́yìn sí i tàbí kí ó dín kù. Èyí ran ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń wá lọ́wọ́. Fún àwọn mìíràn, ó di àṣà láti máa yí ìdè náà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, débi pé wọn kò mọ̀ mọ́ bóyá ọ̀pá ni ó jẹ̀bi tàbí ọwọ́. Wọn kò sì lè yí i nígbà tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òfin kò gbà á.

Lílò rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ọ̀pá yòókù. Orí èèkàn kékeré ni a ń gbé bọ́ọ̀lù lé, kí nǹkan bí ìdajì rẹ̀ lè yọ sókè ju orí díráífà lọ. Ẹni tí ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a a máa gbé bọ́ọ̀lù síwájú, ní ọ̀kánkán gìgísẹ̀ òsì, kí ọ̀pá lè bà á nígbà tí ó bá ti ń gòkè bọ̀. Bọ́ọ̀lù tí ó ń tẹ̀ sí ọ̀tún ni ó ń yọ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu jù. Ohun tí ó sì ń fà á ni pé ojú ọ̀pá ń wo ọ̀tún ju ibi tí ọ̀pá fúnra rẹ̀ ń lọ. Ìwòsàn tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbìyànjú ni kí wọ́n kọjú sí òsì. Bí wọ́n bá ti kọjú sí òsì, ọ̀pá náà a máa gé bọ́ọ̀lù kọjá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bọ́ọ̀lù a sì tún tẹ̀ sí ọ̀tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Epo ni wọ́n ń dà sí iná.

Ilẹ̀ pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ní irú pápá bí èyí tí ó wà ní Ìkòyí ní Èkó, bọ́ọ̀lù tí ó bá balẹ̀ nígbà òjò a máa rì mọ́ ilẹ̀ rírọ̀, kò sì ní yí lọ. Ohun tí ó bá fò nìkan ni èrè rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ a le, bọ́ọ̀lù a balẹ̀ a sì máa sáré, nígbà mìíràn a sá kọjá ibi tí olówó rẹ̀ fẹ́, a di inú igbó. Irú ilẹ̀ líle bẹ́ẹ̀ ni àwọn agbágọ́ọ̀fù bá ní Hoylake ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù keje 2006, nígbà tí wọ́n péjọ fún ìdíje Open. Oòrùn ti mú koríko pupa rúsúrúsú. Tiger Woods wo pápá náà, ó wo àwọn kòtò iyanrìn tí a gbẹ́ sí ibi tí bọ́ọ̀lù díráífà yóò balẹ̀, ó sì jẹ́ kí díráífà rẹ̀ máa sùn nínú àpò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó yọ ọ́ ní odidi ọjọ́ mẹ́rin, ní ihò 16 ní ọjọ́ kìíní, bọ́ọ̀lù náà kò sì balẹ̀ sójú ọ̀nà. Àwọn ọ̀pá kúkúrú ni ó fi ń gbá ìyókù. Ó fi ìgbà méjì borí Chris DiMarco.

Ọdún méje ṣáájú èyí, ní Carnoustie ní Scotland, ará Faransé kan tí ń jẹ́ Jean van de Velde ti dé ihò ìkẹyìn ìdíje Open kan náà. Ìgbà mẹ́ta ni ó fi ṣíwájú gbogbo ènìyàn. Bí ó bá gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹ́fà lórí ihò tí àwọn akọṣẹ́mọṣẹ́ ń fi mẹ́rin parí, ife di tirẹ̀. Ó mú díráífà. Bọ́ọ̀lù náà lọ sí apá ọ̀tún jìnnà, ó balẹ̀ lẹ́bàá ihò 17, ṣùgbọ́n orí bá a ṣe é, kò bọ́ sómi. Ó tún gbìyànjú láti gbá a dé ihò ní ẹ̀ẹ̀kan náà. Bọ́ọ̀lù kọlu ibi ìjókòó àwọn òǹwòran, ó ta padà sínú koríko gíga. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sínú odò kékeré tí wọ́n ń pè ní Barry Burn. Van de Velde bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀, ó ká ṣòkòtò sókè, ó wọnú omi lọ wò ó bóyá òun lè gbá a níbẹ̀. Kò ṣe é gbá. Nígbà tí ó fi parí ihò náà, ó ti di ìgbà méje, òun àti àwọn méjì mìíràn sì ní láti tún gbá a. Paul Lawrie, tí ó wà lẹ́yìn pẹ̀lú ìgbà mẹ́wàá ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ni ó gbé ife lọ.

Díráífà ni gbogbo ayé dá lẹ́bi. Ẹjọ́ náà kò fi gbogbo ara tọ́. Bọ́ọ̀lù tí díráífà gbá wà ní ibi tí ó ṣe é gbá. Bí ó bá ti tì í díẹ̀díẹ̀ síwájú láti ibẹ̀, ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà ni ì bá fi parí. Ìgbàgbọ́ pé ọ̀pá gígùn ni ó ń ba eré jẹ́ wọ́pọ̀ láàrin àwọn agbágọ́ọ̀fù, wọn a sì máa sọ pé títi bọ́ọ̀lù sínú ihò ni ó ń mú owó wá. Mark Broadie, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Columbia ní New York, fi ìṣirò yẹ àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ eré wò, ó sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 2014. Ohun tí ó rí ni pé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin agbágọ́ọ̀fù kan àti èkejì ni ó ti ara gbígbá ọ̀nà jíjìn wá. Ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ti lọ jìnnà yóò fi ọ̀pá kúkúrú gbá èyí tí ó tẹ̀lé e, ọ̀pá kúkúrú a sì máa gbọ́ràn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sá fún díráífà ní gbogbo ìgbà ń san owó kan tí kò hàn sí i lójú.

Kò sí ẹni tí ó jẹ èrè ọ̀pá yìí, tí ó sì jẹ ìyà rẹ̀, tó Phil Mickelson ará Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹrin 2006, ó gbé díráífà méjì lọ sí ìdíje Masters. Ọ̀kan gùn ju èkejì lọ; ọ̀kan wà fún bọ́ọ̀lù tí yóò tẹ̀ sí apá kan, èkejì fún èyí tí yóò tẹ̀ sí apá kejì. Àwọn ènìyàn rò pé àṣejù ni. Ó gba ife náà. Oṣù méjì lẹ́yìn èyí, ní Winged Foot ní ìpínlẹ̀ New York, ó dé ihò ìkẹyìn ìdíje U.S. Open, ó sì fi ìgbà kan ṣoṣo ṣíwájú. Díráífà kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu lọ́jọ́ náà rárá. Nínú ìgbà 14 tí ó yẹ kí bọ́ọ̀lù rẹ̀ balẹ̀ sójú ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ó balẹ̀ síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Síbẹ̀, díráífà ni ó tún mú. Bọ́ọ̀lù lọ sí apá òsì, ó kọlu òrùlé àgọ́ tí wọ́n ti ń gba àwọn àlejò. Èyí tí ó tẹ̀lé e kọlu igi. Ìgbà mẹ́fà ni ó fi parí ihò náà, Geoff Ogilvy ará Ọsirélíà sì fi ìgbà kan borí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni Mickelson ti ṣe ipò kejì nínú ìdíje U.S. Open yìí.

Ẹlòmíràn ì bá ti ta ọ̀pá náà. Mickelson kò ta tirẹ̀, gígùn ni ó ń fi kún un. Ní oṣù karùn-ún 2021, ó lọ sí Kiawah Island ní South Carolina fún ìdíje PGA Championship, ó ti di ẹni 50 ọdún nígbà náà, díráífà tí ó gbé lọ́wọ́ sì gùn tó íǹṣì 47.9. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, ní ihò 16, ó fi gbá bọ́ọ̀lù 366 yáàdì. Nínú gbogbo ọ̀dọ́ tí ó gba ihò náà kọjá ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sí ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Òun ni ó gba ife, ó sì di ẹni tí ó dàgbà jù lọ tí ó gba irú ife ńlá bẹ́ẹ̀ rí. Kí ọdún náà tó parí, àwọn aṣòfin kéde pé àwọn tí ń ṣètò ìdíje àwọn akọṣẹ́mọṣẹ́ lè fi òdiwọ̀n íǹṣì 46 sí gígùn ọ̀pá. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2022 ni PGA Tour ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí lo òfin náà, ọ̀pá tí Mickelson fi borí ní Kiawah kò sì bá a mu mọ́.